Navy List Ọ̀fẹ́ àti Ìwé ADM 196: Èwo Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Ṣí?

Ibi mẹ́rin ni ẹni tó jókòó sí Adó-Èkìtì lè gbà tọpa iṣẹ́ ọ̀gá ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣiṣẹ́ láàárín 1900 sí 1920, láì wọ ọkọ̀ òfurufú. Navy List wà, ìwé orúkọ gbogbo ọ̀gá ojú omi, tí National Library of Scotland ya àwòrán rẹ̀ sórí ìkànnì. Ìwé ADM 196, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ nípa iṣẹ́ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, wà ní National Archives ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba, wà. Dreadnought Project, ìkànnì tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ogun ń kọ, náà wà. Orúkọ Kew ló ń dún jù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, tí wọ́n á padà pẹ̀lú ojú ewé kan tí wọn ò lè kà. Navy List ló yẹ kó ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, wọn ò fi ọwọ́ kọ ọ́, òun ló sì máa jẹ́ kí ohun tó wà ní Kew yé èèyàn.

Ẹni tí àyẹ̀wò yìí fi ṣe òṣùwọ̀n ni Cyril Thomas Moulden Fuller. Wọ́n bí i ní 1874, ó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí Admiral ní 1935, ó sì kú ní 1942. Òun ni ọ̀gá àgbà àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Kamẹrúùnù láti 1914 sí 1916, ogun tí àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone jà lábẹ́ Charles Dobell. Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹsàn-án 1914 ni Douala, ìlú èbúté Kamẹrúùnù, túúbá. Ẹni tó bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ogun yẹn ní EKSU tàbí FUOYE kò lè ṣàì bá orúkọ Fuller pàdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsédò Ureje ni omi tó tóbi jù tí ọ̀pọ̀ ọmọ Adó fojú rí kó tó dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àkàbà tí irú ọkùnrin yìí gùn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró lé. Fuller wọ iṣẹ́ ní 1887, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 14. Nígbà yẹn, inú HMS Britannia ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ sí Dartmouth tí wọ́n sọ di ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá wọlé láti 1903 síwájú lè ti gba ọ̀nà mìíràn: ọdún méjì ní Osborne ní erékùṣù Wight, lẹ́yìn náà ọdún méjì ní Dartmouth, nínú ilé ẹ̀kọ́ tuntun orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1905. Láti 1913, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọkùnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 18 tàbí tó ti pé e, tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Nítorí náà, ọdún tí èèyàn wọlé àti ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà ti sọ ọ̀nà tó gbà, kí ẹ tó ka nǹkan mìíràn nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ọmọ náà á di Midshipman lórí ọkọ̀ ní òkun. Á ṣe ìdánwò kó tó di Sub-Lieutenant, kó tó sì lọ sí Lieutenant. Iṣẹ́ atukọ̀, ìmọ̀ ọ̀nà ojú òkun, ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ létíkun, ìbọn ńlá àti tọ́pẹ́dò ni wọ́n ń dán wọn wò lé lórí. Ipò tí èèyàn gbà nínú márààrún ló ń pinnu bó ṣe máa yára di Lieutenant. Ẹni tó gba ipò kìíní nínú gbogbo rẹ̀ á fi oṣù bíi mélòó kan ṣáájú àwọn tí wọ́n jọ wọlé, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì lè tẹ̀ lé e títí dé ọjọ́ ogbó.

Lieutenant ni ọ̀pọ̀ máa ń pẹ́ sí jù. Níbí yìí ni àṣìṣe kan ti wọ́pọ̀. Lieutenant tó bá ti lo ọdún mẹ́jọ lórí oyè yẹn ń wọ ìlà méjì ààbọ̀ lápá aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Lieutenant náà ni orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́. Oṣù Kẹta 1914 ni wọ́n tó dá orúkọ Lieutenant-Commander sílẹ̀ fún irú wọn. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ọ̀gá kan jẹ́ Lieutenant-Commander nínú Royal Navy ní 1908 ti ṣì í, àní bí àwòrán bá tiẹ̀ fi ìlà méjì ààbọ̀ hàn.

Láti Lieutenant lọ sí Commander, àti láti Commander lọ sí Captain, yíyàn ni. Ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ni orúkọ àwọn tí wọ́n yàn sábà máa ń jáde, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Nígbà tí èèyàn bá ti di Captain, yíyàn tán, ìlà ló kù. Ẹni tó kọ́kọ́ di Captain ló máa kọ́kọ́ di Rear-Admiral bí àyè bá ṣí, tí ọjọ́ orí kò bá tíì lé e kúrò, tó bá sì ti lo àkókò tí òfin béèrè lórí òkun. Ará Èkìtì kò gbọ́dọ̀ rò pé àjèjì lèyí: bí wọ́n ṣe ń mọ ọba tó ṣáájú ọba nínú àwọn Pẹlúpẹlú náà ni, ọjọ́ orí kọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ipò lórí ìlà ni. David Beatty ló lókìkí jù lára àwọn tí ìlànà yìí kò bá mu. Ó di Rear-Admiral ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 1910, kò tíì pé ọdún 39, kò sì tíì lo àkókò òkun tí òfin ní kó lò. Àṣẹ àkànṣe ni wọ́n fi gbé e gorí oyè. Bí ẹ bá rí ẹni tó fo orí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá àṣẹ tó wà nídìí rẹ̀, kì í ṣe àṣìtẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lórí oyè. Captain ti ojú omi kì í ṣe Captain ti orí ilẹ̀. Sójà tó ń jẹ́ Captain wà lẹ́yìn Major. Ti ojú omi bá Colonel dọ́gba. Ẹni tó bá ní ẹbí nínú iṣẹ́ ojú omi Nàìjíríà mọ̀ ọ́n, torí àkàbà kan náà ni wọ́n jogún. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń kọ ọ́ pé "ọ̀dọ́mọdé Captain kan" ló gba Douala, nígbà tó jẹ́ pé Fuller ti pé ẹni ogójì ọdún, ó sì ti lo ọdún 27 lẹ́nu iṣẹ́.

Navy List gan-an wá ńkọ́? Ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ ni, ọ̀kan lóṣooṣù àti ọ̀kan tó nípọn jù ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Lórí ìkànnì National Library of Scotland, inú àkójọ British Military Lists ló wà. Àwọn tó kún jù níbẹ̀ ni ti 1913 sí 1921 àti ti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Kò béèrè ìforúkọsílẹ̀, kò béèrè owó. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán tí ẹ lè fẹ̀ lójú fóònù tàbí gbà sílẹ̀.

Apá mẹ́ta inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Apá kan to gbogbo orúkọ ní ABD. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ni oyè wà, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí oyè yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà, lẹ́yìn náà nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, wọ́n á rò pé nọ́ńbà ọ̀gá náà ni. Rárá o. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni. Ẹ gbé e lọ sí apá tí wọ́n to àwọn ọkọ̀ sí, ẹ wá nọ́ńbà kan náà, ẹ ó rí orúkọ ọkọ̀, irú rẹ̀, àti gbogbo ọ̀gá inú rẹ̀ láti orí Captain dé orí Midshipman, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yan ẹnì kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Apá kẹta to àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn lórí oyè. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹni tó wà níwájú Fuller àti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín àwọn Captain, ìlà tí mo sọ lókè yẹn gan-an.

Ọjọ́ ìyànsípò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ni kò jẹ́ kó pọn dandan láti ka gbogbo oṣù. Láti 1913 sí 1921 jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án; bí ẹ bá wo ìwé Oṣù Kìíní àti ti Oṣù Keje lọ́dọọdún, ìwé 18 ni. Ibi tí ọkọ̀ bá ti yí padà láàárín méjì nìkan ni ẹ ó padà sí, kí ẹ wo àwọn oṣù tó wà láàárín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé kan ń gbà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́tà kékeré tó wà nínú àmì àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Lieutenant tàbí Commander kò sí lásán. G túmọ̀ sí pé ó kọ́ ìmọ̀ ìbọn ńlá ní HMS Excellent, T ni ti tọ́pẹ́dò ní HMS Vernon, N ni ti ìtọ́sọ́nà ọkọ̀. Àwọn tó ní G àti T ló sábà máa ń tètè rí yíyàn gbà nígbà yẹn, torí ìbọn àti tọ́pẹ́dò ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń dá lé.

Ibi tí Navy List ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà pọ̀ díẹ̀. Àkọ́kọ́, ìwé tí wọ́n pè ní ti Oṣù Kìíní kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí ní Oṣù Kìíní. Ẹ wo ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n ṣàtúnṣe rẹ̀ dé; ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 18 oṣù tó ṣáájú. Fún ẹni tó ń paarọ̀ ọkọ̀ léraléra bíi Fuller, tó lo HMS Cumberland, HMS Challenger àti HMS Astraea láàárín ogun kan ṣoṣo, ìwé náà á máa pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn láti Douala kì í sì í sáré dé Lọ́ńdọ̀nù.

Èkejì, orúkọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ọkọ̀. Gbogbo ọ̀gá ojú omi gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ kan kó tó lè gbowó, kódà bó bá jókòó sí ọ́fíìsì. Torí náà, "President" kò túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà wà lójú òkun; ó sábà máa ń túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́ ní Admiralty, ọ́fíìsì tó ń darí iṣẹ́ ojú omi ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ó ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe kan. "Victory" ni ibùdó Portsmouth, "Vivid" ni ti Devonport, "Pembroke" ni ti Chatham. Fuller di olórí ẹ̀ka ètò ogun ní Admiralty ní 1918, ó sì bá wọn lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ọkọ̀ ogun tó ń rìn fún irú ọdún méjì bẹ́ẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá sí nọ́ńbà ọkọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, ẹ má tètè kọ ọ́ pé ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tí kò ní ọkọ̀ lọ́wọ́ ń gba ìdajì owó, ó sì ń dúró de ìyànsípò. Captain kan lè jókòó sílé oṣù púpọ̀ láàárín ọkọ̀ kan sí òmíràn. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀ wà ní apá àwọn afẹ̀yìntì.

Ẹ̀kẹrin ni ogun fúnra rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí Jámánì ra ìwé náà lọ́jà kó fi mọ ibi tí ọkọ̀ wà, nítorí náà wọ́n ní ìwé àṣírí tó yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo èèyàn ń rà. Ìwé àṣírí ti 1914 sí 1918 wà ní Kew, ADM 177 ni àmì rẹ̀. Bí ojú ewé ọkọ̀ bá ṣófo lójú yín nínú ìwé ọdún ogun kan, kì í ṣe fóònù yín ló bàjẹ́.

Àpótí ìwáǹkan inú ìkànnì náà ni mo fi sẹ́yìn, torí òun ló ń já èèyàn kulẹ̀ jù. Ẹ̀rọ ló ka àwọn ojú ewé yẹn, lẹ́tà inú wọn kéré, wọ́n sì há mọ́ra. "Fuller" lè di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí ẹ bá tẹ orúkọ tí kò bá jáde, kò túmọ̀ sí pé kò sí. Ẹ ṣí apá orúkọ, ẹ fò lọ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ fún lẹ́tà F, ẹ wo lẹ́tà tó wà lókè ojú ewé, kí ẹ máa fò síwájú tàbí sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Ó yá ju àpótí lọ. Ẹ má sì gba odidi ìwé sílẹ̀ sórí fóònù. Àwọn ti ìparí ogun nípọn gan-an, torí àwọn ọ̀gá onígbà-díẹ̀ ti kún inú wọn. Dátà á tán, ojú ewé márùn-ún péré sì lẹ nílò.

Ní báyìí tí ẹ ti ní àtòkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ lọ́wọ́, ẹ lè lọ sí Kew.

ADM 196 jẹ́ àwọn ìwé ńlá tí àwọn akọ̀wé Admiralty ń fi gègé kọ nǹkan sí nípa ọ̀gá kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tó wọlé. Lórí ìkànnì National Archives, wíwá orúkọ nínú kátálọ́ọ̀gì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ tẹ orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ kan, ẹ sì fi ADM 196 há wíwá náà mọ́. Ohun tí yóò jáde ni orúkọ kíkún, oyè àti ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ oyè. Ẹ fi ọjọ́ ìbí yà wọ́n sọ́tọ̀, torí Fuller pọ̀, Smith sì pọ̀ ju erùpẹ̀ lọ. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun tó jẹ mọ́ owó, ẹ ṣí àkáǹtì pẹ̀lú íméèlì, kí ẹ wo ohun tí ojú ewé ìgbàsílẹ̀ béèrè fún ẹni tó ti wọlé sí àkáǹtì àti ẹni tí kò tíì wọlé. Bó bá dórí sísan owó pọ́n-ùn, ọ̀pọ̀ káàdì náírà ni kì í gbà; ẹ bi báńkì yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan lè ní ju ìwé kan lọ nínú ADM 196. Ìwé kan wà fún ìgbà tó ṣì kéré, òmíràn fún ìgbà tó ti di ọ̀gá àgbà, òmíràn sì lè jẹ́ ti ìròyìn àṣírí tí àwọn Captain àti Admiral ń kọ nípa rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: wọ́n á gba ọ̀kan, wọ́n á rí i pé ó dá dúró ní àárín iṣẹ́, wọ́n á sì rò pé àkọsílẹ̀ sọnù. Ẹ wo gbogbo ohun tí orúkọ náà mú jáde kí ẹ tó yan èyí tí ẹ fẹ́. Àkọsílẹ̀ àwọn tó wọlé ní ìgbà ìkẹyìn lè wà nínú ADM 340 dípò. Bó bá jẹ́ ọ̀gá RNVR, ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda ojú omi, ni, ADM 337 ni. Awakọ̀ òfurufú RNAS, ẹ̀ka òfurufú ti iṣẹ́ ojú omi, ni? ADM 273. Bí kò bá sì sí níbikíbi, ẹ ronú pé bóyá kì í ṣe ọ̀gá rárá. ADM 188 ni ti àwọn ọmọ ogun lásán, ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ìtàn àdúgbò ń pè ní "ọ̀gá" jẹ́ atukọ̀ tó ń da èédú sínú iná.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ìkọ̀wé ọwọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Àkọsílẹ̀ ń lọ láti apá òsì sí ọ̀tún: orúkọ ọkọ̀, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó kúrò, orúkọ Captain tó wà lórí rẹ̀, àti ohun tó sọ. Ẹ mú àtòkọ tí ẹ yọ nínú Navy List, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ tí ẹ ti mọ̀ ló máa kọ́ yín ní ìkọ̀wé akọ̀wé náà: bó ṣe ń kọ C inú Challenger, ẹ ó mọ C rẹ̀ níbi gbogbo. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Kew kò ní kọ́kọ́rọ́ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ń kùnà.

Ìṣòro kejì ni bí wọ́n ṣe ń yin èèyàn. Gbólóhùn kan wà tí Captain gbogbo ń kọ nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́ kúrò lọ́kọ̀ rẹ̀: pé ó hùwà bí ẹni tí ọtí kì í pa, ó sì tẹ́ òun lọ́rùn pátápátá. Àwòkọ ni, kì í ṣe ìyìn. Ẹ má gbé e sínú iṣẹ́ yín bí ẹ̀rí pé ọkùnrin náà jẹ́ ẹni iyì. Ìgbà tí "pátápátá" bá sọnù níbẹ̀ ni kí ẹ dúró, kí ẹ fojú sí i. V.G. túmọ̀ sí pé ó dára gan-an, V.G.I. sì lé díẹ̀ lórí ìyẹn. Láàárín àwọn tí gbogbo wọn ń gba V.G., V.G. lásán kò fi bẹ́ẹ̀ ní àpọ́nlé. Ohun tó níye lórí ni ọ̀rọ̀ tí Captain fúnra rẹ̀ rò: pé ó yára bínú, pé ó mọ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lò, pé kí wọ́n gbé e ga kíákíá, tàbí pé kí wọ́n má gbé e.

Níbẹ̀ ni ADM 196 ti gba iyì rẹ̀. Bí ọ̀gá bá gbé ọkọ̀ gun iyanrìn, bí ọkọ̀ méjì bá kọlura, bí owó ọkọ̀ kò bá pé, ẹ kò ní rí i nínú Navy List láéláé. Nínú ADM 196, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ọ̀gá Admiralty bínú sí i, nígbà mìíràn pé wọ́n bínú gidigidi. Gbólóhùn yẹn lágbára: ó lè ti í sẹ́yìn nígbà yíyàn oṣù Kẹfà àti oṣù Kejìlá. Bí ẹ bá rí Lieutenant tó pẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lórí ìlà Navy List, ibí ni ẹ ó ti mọ ìdí.

Ṣùgbọ́n ADM 196 kò sọ bí ogun ṣe rí. Ó lè fi ìlà kan ṣoṣo kó gbogbo Kamẹrúùnù. Ìdí tí Cumberland, ọkọ̀ tó wúwo tó 9,800 tọ́ọ̀nù, kò fi lè wọ ẹnu odò tí kò jìn, tó fi jẹ́ pé Challenger tí kò tó 6,000 tọ́ọ̀nù ló sún mọ́ Douala lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ tí Jámánì rì dí ọ̀nà kúrò, kò sí níbẹ̀. Òru ọjọ́ 16 Oṣù Kẹsàn-án 1914 tí ọkọ̀ Jámánì kan, Nachtigal, fi imú gún HMS Dwarf tí Commander Frederick Strong ń darí, kò sí níbẹ̀ lọ́nà tó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ìwé ìrìn ọkọ̀, ADM 53, ni wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí wákàtí sí wákàtí. Àwọn olùyọ̀ǹda ti da ọ̀pọ̀ nínú ti ogun àgbáyé kìíní kọ sórí naval-history.net, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ yẹ orúkọ ọkọ̀ yín wò níbẹ̀ kí ẹ tó ronú owó ìrìn-àjò ẹnikẹ́ni sí Kew.

London Gazette kò gba àlàyé gígùn. Ọ̀fẹ́ ni, ìgbéga àti àmì ẹ̀yẹ ló wà fún. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí Fuller gba àmì ẹ̀yẹ DSO tàbí CMG, ibẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ẹ fi ọjọ́ há wíwá náà mọ́, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àti oṣù méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ rò, torí ọjọ́ tí ìwé jáde kì í ṣe ọjọ́ tí oyè bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọjọ́ inú ọ̀rọ̀ náà ni kí ẹ mú, kì í ṣe ti orí ìwé. Ẹ wo àfikún pẹ̀lú, torí inú àfikún ni ọ̀pọ̀ àmì ẹ̀yẹ ogun wà.

Dreadnought Project dára ju bó ṣe jọ lọ. Àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ogun ló ń kọ ọ́. Lábẹ́ ojú ewé ọ̀gá kọ̀ọ̀kan, wọ́n to ipò tó dì mú, pẹ̀lú ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àti ẹni tó gbà á lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ka sí ADM 196 fúnra rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ mọ ìwé tó yẹ kí ẹ béèrè. Fún àlàfo ẹ̀yìn 1921 tí Navy List orí ìkànnì kò fi bẹ́ẹ̀ kún, òun ló ń gba èèyàn là: pé Fuller jẹ́ Third Sea Lord, ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ tó ń darí Admiralty, láti 1923 sí 1925, pé ó darí àwọn ọkọ̀ ogun apá Amẹ́ríkà àti West Indies láti 1928 sí 1930, pé ó di Second Sea Lord lẹ́yìn ìyẹn títí di 1932. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò darí ọkọ̀ rí kì í rí ju ìlà díẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹ lò ó bí atọ́nà, kí ẹ má lò ó bí ẹ̀rí. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á béèrè ibi tí ẹ ti rí i.

Ọ̀rọ̀ títẹ̀ jáde. Ojú ewé ADM 196 fẹ̀ bí ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò àtijọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí A4, lẹ́tà á di eèrà. A3 ló tó o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì ilé ìwé ló ní ẹ̀rọ A3. Ẹ gé àwòrán náà sí méjì lórí kọ̀ǹpútà, apá òsì àti apá ọ̀tún, kí méjèèjì fi nǹkan bí ìka méjì wọnú ara wọn, kí ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí A4 ní ìbú. Dúdú àti funfun ti tó, àyàfi tí akọ̀wé bá lo tàdáwà aláwọ̀ méjì. Òru ni kí ẹ gba fáìlì sílẹ̀, nígbà tí dátà kò wọ́n, tí ìkànnì sì yá. Bí iná bá lọ láàárín ìgbàsílẹ̀, ẹ ṣí fáìlì náà wò kí ẹ tó jáde kúrò nínú àkáǹtì, torí fáìlì tí kò pé lè jọ èyí tó pé títí ẹ ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Bí ọkùnrin tí ẹ ń wá bá jẹ́ ti Nigeria Marine, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 nígbà tí wọ́n da ti Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀, ẹ fi ADM 196 sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti Royal Navy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ wọn bá Fuller lọ sí Douala. Ẹ wo apá RNR, ẹgbẹ́ àfikún ojú omi tí wọ́n ń kó jọ láàárín àwọn atukọ̀ ọkọ̀ òwò, nínú Navy List, torí àwọn kan nínú wọn ní oyè RNR. Àkọsílẹ̀ RNR wà ní ADM 240. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, sí National Archives tó wà nínú ọgbà yunifásítì, kí ẹ béèrè Blue Book ti ọdún tí ẹ fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀ka. Ẹ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín dání, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ sì kọ ọdún àti orúkọ tí ẹ fẹ́ sórí ìwé kan kí ẹ tó kúrò ní Adó.